Sọ́fúwíà wo ni ọmọ ọdún 14 lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fídíò láìnáwó púpọ̀?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìbàdàn): Mo kí gbogbo ilé. Ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ti ń fi fóònù ya ìyá mi bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Fídíò wẹ́wẹ́ tí ó ti kó jọ lé ní ogójì, ó sì fẹ́ gé wọn, kí ó tò wọ́n, kí ohùn ìyá mi sì máa lọ lábẹ́ àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni a ní nílé, RAM rẹ̀ (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 8GB, Windows 10 ni ó wà lórí rẹ̀. N kò lágbára àtimáa san owó oṣooṣù ní dọ́là. Ẹni tí ó tà á fún wa ní òun lè bá wa fi Premiere Pro, sọ́fúwíà ìgéfídíò ti Adobe, sí i ní owó péréte, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n gbé lé e lọ́wọ́?

Agéfídíò Abẹ́òkúta: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Adobe kì í ta Premiere Pro ní àtàpa, owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún ni wọ́n ń gbà, nítorí náà èyí tí ẹnikẹ́ni bá fi sí i fún yín ní owó péréte, kíráàkì ni, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n já títì rẹ̀ láìgbàṣẹ. Èmi náà lo irú rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya òde ìnáwó. Fáírọ́ọ̀sì tí ó bá a wọlé ló jẹ fídíò ìgbéyàwó oníbàárà mi kan, títí di òní ni ojú ìyàwó náà ń tì mí.

Sọ́fúwíà ìgéfídíò kan tí ń jẹ́ Shotcut ni mo rò pé ó bá láptọ́ọ̀pù yín mu. Ọ̀fẹ́ ni, kì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ igun fídíò, kò sì nílò dátà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sórí ẹ̀rọ. Bí fídíò bá ń há, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tan Proxy: yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà yìí ni ọmọ yóò máa rí bí ó ti ń gé e, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá ń jáde, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò kan, ojúlówó fídíò ni ẹ̀rọ yóò padà lọ lò.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà. Fáìlì iṣẹ́ tí Shotcut ń tọ́jú, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .mlt, kò ní fídíò kankan nínú. Ibi tí fídíò wà àti ibi tí a ti gé e ni ó kàn kọ sílẹ̀. Bí ọmọ bá kó fídíò lọ sí ibòmíràn, tàbí tí ó yọ fláàṣì tí wọ́n wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò máa wá wọn kiri. Kí ó dá fóldà kan sílẹ̀ fún àdìrẹ náà kí ó tó gé ohunkóhun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa kíráàkì, ṣùgbọ́n DaVinci Resolve ni kí ọmọ yẹn kọ́. Àwọn tí ń tún àwọ̀ sinimá ṣe ń lò ó, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì ń gbé fídíò jáde títí dé ìwọ̀n 4K (3840 × 2160) láìlẹ àmì kankan mọ́ ọn. Dọ́là 295 ni wọ́n ń ta Studio, èyí tí a ń fowó rà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń san án, àmọ́ kò tíì nílò ìyẹn. Aró ni ìyá yín ń lò, mà. Fóònù sì sábà máa ń sọ aró di dúdú.

Agéfídíò Abẹ́òkúta: Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n RAM 16GB ni àwọn tó ṣe Resolve fúnra wọn ní kí a ní. Ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń há ní gbogbo ìgbà yóò rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ti aró, White Balance, ohun èlò tí ń tún àwọ̀ ṣe, wà nínú Shotcut: kí ó nà án sí ibi funfun lára aṣọ, kí ó wo bí àwọ̀ yóò ṣe padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. CapCut ni èmi fi bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Kò burú fún fídíò oníṣẹ́jú kan, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ Pro sí lára pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì lè gé iṣẹ́ tán kí ó tó béèrè owó. Nípa ohùn ìyá àgbà, iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kì í dọ́gba, èyí sì lè mú kí ohùn àti ẹnu yapa bí fídíò bá gùn. Bí Shotcut bá béèrè bóyá kí òun yí irú fídíò bẹ́ẹ̀ padà, kí ó gbà fún un.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìbàdàn): Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. A ti gba Shotcut lálẹ́ àná, ó sì ti gé mẹ́rin nínú rẹ̀ kí iná tó lọ. Bátìrì wa kì í pé ogún ìṣẹ́jú. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní máa sọnù?

Agéfídíò Abẹ́òkúta: Kí ó máa tẹ Ctrl àti S pa pọ̀ léraléra láti fi tọ́jú iṣẹ́, mà. Bí iná bá sì ká a mọ́, Shotcut máa ń dá tọ́jú ẹ̀dà kan, yóò béèrè bóyá kí òun gbé e padà wá nígbà tí ẹ bá tún ṣí i. Gbígbé fídíò jáde nìkan ni kí ó fi de ìgbà tí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, nítorí èyí tí iná bá gé láàárín kì í sábà ṣí mọ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò sì tún ti gbé e jáde.