Kí ni títẹ̀lé Jésù ti gbà lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Òkè-Ìjẹùn: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Lúùkù 14 la kà níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì lálẹ́ àná, níbi tí Jésù ti ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Arákùnrin kan ní ìgbàgbọ́ ò tíì ná òun ju owó mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ má wàásù fún mi o, ohun tójú yín rí ni kí ẹ sọ.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú: Obìnrin kan wá ra àdìrẹ fún ilé iṣẹ́ wọn, ọjà ńlá ni. Ó ní kí n kọ iye tó ju ohun tó san lọ sínú rìsíìtì. Mo ti kọ déètì sórí rìsíìtì náà, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iye tí mo bá gbà ni màá kọ." Ó kó owó rẹ̀, ó wọ ìsọ̀ tó fara ti tèmi. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka aṣọ fún un. Owó ilé ìwé ọmọ ni mo ti ń fojú wò lára owó yẹn.

Tọ́ún: Ẹ kú ìfaradà, Mà.

Bọ̀dé Láfẹ́ńwá: Èmi ni dáwódù bàbá mi. Nígbà tí wọ́n kú, mo ra pósí, mo ra màlúù, mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà ilé. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní n ò ní lè bá wọn ṣe, ìyẹn ètùtù ojú ibojì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi obì sí mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ó tutù, omi inú àwo ṣì wà lára rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dá a padà sínú àwo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò bínú rárá, ẹkún ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò wá ṣe tèmi?"

Nígbà tí wọ́n pín ogún, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Àbúrò mi ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé báyìí. Ilé yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Bí mo bá kí wọn ní Kútọ̀ báyìí, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá Ìbejì: Ha! "Ta ni yóò wá ṣe tèmi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Bàbá Ṣèyí: Bọ̀dé, má bínú. "Bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ" ńkọ́? Obì lásán! O ò lè gbà á kí o fi sápò?

Bọ̀dé Láfẹ́ńwá: Bàbá Ṣèyí, tó bá jẹ́ obì lásán ni, wọn ò ní torí ẹ̀ fi ilé dù mí.

Tọ́ún: Ọ̀rọ̀ parí!

Bàbá Ṣèyí: Kò tíì parí.

Tíṣà Àgbà: Ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀ nípa èyí tipẹ́. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, wọ́n lé àwọn mísọ́nnárì, wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́rù, ẹ̀rọ tó ń tẹ Ìwé Ìròyìn náà bá a lọ. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ filé filẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà.

Akin Ọbáńtókò: Ìfọ́lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan, sà. Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, àti ìjọba rẹ̀ ló ń fín Ẹ̀gbá níràn nítorí owó bodè àti ààlà ilẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Mo gbà. Ṣùgbọ́n Glover kọ́ ló di igbá àti àwo rù kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, Abẹ́òkúta wa níbí ló ti padà rí Àfàlá ìyá rẹ̀ ní 1846. Ó di 1848 kí ìyá tó ṣe ìrìbọmi. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ò tíì gbà gbọ́, síbẹ̀ ìyá àti ọmọ ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Bọ̀dé, ìwọ ṣáà máa kí wọn.

Ọmọ Alájì: Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Látìgbà tí mo ti ṣe ìrìbọmi, màmá mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè.

Tọ́ún: Ṣé wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ ṣá?

Ọmọ Alájì: Ọmọ mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá ti gbà á, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Akin Ọbáńtókò: Kí ló dé tó jẹ́ àwa ọmọ ìjọ nìkan ló ń náwó ìgbàgbọ́? Kí ni ti àwọn pásítọ̀?

Ìyàwó Àlùfáà: Arákùnrin Akin, iṣẹ́ tíṣà ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Àkọ́bí mi ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́, inú ilé ìwé kan tí ò ní tíṣà ìṣirò ni ó ti parí ẹ̀. Títí dòní, bí a bá ń jà, ó máa ń rán mi létí. Mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Òun kọ́ ni Ọlọ́run pè.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú: Tó bá ti kan ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn wá jù, Ìyá wa.

Akin Ọbáńtókò: Mo gbọ́, Mà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ṣèyí: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ obì o.

Tíṣà Àgbà: Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 10:28. Bí ẹnì kan bá ti lè sọ fún yín pé a fi rúbọ ni, ẹ má jẹ ẹ́.

Bàbá Ṣèyí: Kí ni ẹsẹ 27 tó ṣáájú ẹ̀ wí? Ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú yín, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan.

Bọ̀dé Láfẹ́ńwá: Ẹni tí wọ́n pè wá jẹun lẹsẹ 27 ń bá wí, sà. Ojú ibojì ni èmi wà.