Ṣé lóòótọ́ làwọn hípì ba ẹgbẹ́ Democrat jẹ́? (àti ọ̀rọ̀ fíìmù Kérésì)

Àdùkẹ́ Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn àgbàlagbà òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò ní ọ̀rọ̀ méjì ju fíìmù àtijọ́ lọ, pàápàá It's a Wonderful Life, wọ́n á ní ayé ìgbà yẹn ló dáa, aládùúgbò mọ aládùúgbò, kó tó di pé àwọn hípì onírun gígùn, àwọn ọ̀dọ́ tó ta ko ogun àti àṣà àtijọ́, dé tí wọ́n gba ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ti Amẹ́ríkà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Kò wù mí kí n kàn máa mirí sí ohun tí mi ò mọ̀.

Gbénga:
Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Níbi àpérò ẹgbẹ́ náà ní Chicago, oṣù kẹjọ 1968, Humphrey tó jẹ́ igbákejì ààrẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì láti du ipò ààrẹ láì wọ ìdìbò abẹ́lé kankan, àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ló fà á kalẹ̀, ọlọ́pàá sì ń fi kóńdó lu àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo ogun Vietnam níta. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Sẹ́nétọ̀ McGovern ló kọ́kọ́ ṣe alága ẹ̀, wọ́n ní kí obìnrin, aláwọ̀ dúdú àtọ̀dọ́ máa wà nínú àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn tó ń dìbò yan olùdíje ní àpérò. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ yẹn gbà wọlé. McGovern fúnra ẹ̀ ló sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ní 1972.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ̀gbọ́n Gbénga, ẹ sọ èyí tó kù náà. Ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 ni Nixon, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ti na McGovern, Massachusetts àti DC, olú ìlú, nìkan ni McGovern mú. Níbi àpérò ẹgbẹ́ ní Miami Beach lọ́dún yẹn wọ́n lé Daley, méyọ̀ Chicago, àtàwọn èèyàn ẹ̀ kúrò lórí àga dẹ́lígéètì, Jesse Jackson wà lára àwọn tó jókòó síbẹ̀, George Meany tó jẹ́ olórí AFL-CIO, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, sì kọ̀, kò ti McGovern lẹ́yìn. Inú tó bí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn nídìí, èmi ò ní bá wọn wí. Àmọ́ ẹ tún wo Bobby Rush, ó wà lára àwọn tó dá Black Panther, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Illinois ní 1968, ó wá lo ọgbọ̀n ọdún nílé aṣòfin ní Washington, 1993 sí 2023, òun ló fìdí Obama rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún 2000.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ jẹ́ n bọ́ sídìí fíìmù. 1946 ló jáde, kò pa owó tí wọ́n retí, FBI tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 1947 pé ó jọ ti àwọn Kọ́múníìsì torí pé ó sọ oníbáńkì dọ̀dájú. 1974 lẹ̀tọ́ àdàkọ orí ẹ̀ já torí wọn ò sọ ọ́ dọ̀tun, làwọn tẹlifíṣàn bá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ Kérésì dé Kérésì. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà yẹn mọ̀ ọ́n, àwọn hípì sì ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́! Kódà sínóò inú ẹ̀, fóòmù ni, inú oòrùn California ni wọ́n ti yà á. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ẹ̀ dénú. Iṣẹ́ tí George Bailey, akọni inú ẹ̀, ń ṣe yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an ni, táwọn aládùúgbò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó fún un lópin, omijé á bọ́ lójú mi ni.

Àdùkẹ́ Houston:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, màmá Ìbejì, ìdáhùn tí mo fẹ́ mú lọ bá wọn nìyẹn. Fela náà ńkọ́, ṣebí òun náà fẹ́ ṣòṣèlú?

Gbénga:
Bẹ́ẹ̀ ni o. Los Angeles ní 1969 ló ti gbọ́ nípa Black Panther lẹ́nu Sandra, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ìgbà tó yá ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Movement of the People sílẹ̀, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà nígbà yẹn, ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n gbà láyè fún ìdìbò 1979.