Ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà, kí lojú yín ti rí lórí ariwo sàlẹ́ńsà?

Ọmọ Ìjùmú: Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Sàlẹ́ńsà Boxer mi já lójú ọ̀nà Iyara, àtìgbà náà ni mi ò ti gùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń hó báyìí, ara mi á gbà pé eré ni mò ń sá, bẹ́ẹ̀ jíà kejì ni mo ṣì wà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọlọ́kadà Kabba: Èmi, bó bá ń pariwo, ṣe ni mo máa ń rọra. Títì kọnkéré Obajana sí Kabba, tírélà sìmẹ́ńtì ló kún ibẹ̀. Sàlẹ́ńsà tó bá ti bẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ fèrè ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan mo di àpò kaṣú mẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tírélà ló kọ́kọ́ gbá mi lọ́rùn kí n tó mọ̀ pé ó ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Máṣíìnì fì, mo wọ inú koríko. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́ pa á.

Ìyá Mopa: Ẹ kú ewu o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́ Isanlu: Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ariwo yẹn náà ló ń jẹ́ kí onímọ́tò mọ̀ pé a ń bọ̀.

Ọlọ́kadà Kabba: Onímọ́tò wo? Ẹ̀yìn ni ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí. Ẹni tó máa yà sí ọ lójú, iwájú ló wà, ó ti gbé gíláàsì sókè, rédíò ń ké. Tan iná iwájú, fọn fèrè.

Mẹkáníìkì Ẹgbẹ̀: Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ máa ń ní kí n bá àwọn yọ inú ẹ̀ kó lè sáré. Àwọn ìdènà tó ń mú èéfín yí po kó tó jáde ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ lariwo ti ń kú. Bẹ́ ẹ bá yọ wọ́n láìtún kábúrétọ̀ ṣe, ariwo lẹ rà, ẹ ò ra agbára.

Ará Bùnú: Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbé aláriwo wọ oko mọ́. Àwọn ajínigbé á ti gbọ́ ẹ kó o tó dé.

Ọ̀dọ́ Isanlu: Nínú igbó tó dákẹ́ yẹn, ṣé wọn ò ní gbọ́ èyí tó dáa náà ni?

Ará Bùnú: Wọ́n lè gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ náà á lè gbọ́ wọn.

Ìyá Mopa: Àwa èrò ńkọ́? Sàlẹ́ńsà jó mi lábẹ́ orúnkún níbi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà. Àpá ẹ̀ rèé títí dòní.

Ọmọ Ìjùmú: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ máa gbà gùn ún, kẹ́ ẹ sì gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́ Isanlu: Màkílínì ni kẹ́ ẹ fi pa á.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Rárá o! Ẹ má fi màkílínì pa ojú ibi tí iná bá jó. Omi tútù tó ń ṣàn ni, ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ tó ro nǹkan mìíràn.

Ìyá Mopa: Epo pupa ni wọ́n fi pa tèmi.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Epo náà kọ́, mà. Ó ń sé ooru mọ́nú ni. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ ṣọ́ etí yín pẹ̀lú. Bí ariwo bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo), wákàtí 8 lójúmọ́ ni ìmọ̀ràn ní kí etí má kọjá. Bó bá fi 3 péré ga sí i, ó di wákàtí 4. Ẹ wo àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, igbe ni wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kódà nínú yàrá.

Ọlọ́kadà Kabba: Bàbá mi gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìjùmú: Ẹ̀gbọ́n Ẹgbẹ̀, ṣé kí n ra tuntun ni àbí wẹ́dà lè lẹ̀ ẹ́?

Mẹkáníìkì Ẹgbẹ̀: Bó bá jẹ́ ọrùn ló já, lílẹ̀ ni. Bí inú ẹ̀ bá ti dípẹtà, ra òmíràn. Gbọ̀n ọ́n wò ná: bó bá ń dún wọrọ-wọrọ, ó ti lọ nìyẹn.