Yíìsì nínú ìtọ̀ Màmá tó ní àtọ̀gbẹ: ṣé kí n kàn ra fluconazole, oògùn tó ń pa yíìsì?

Ọmọ Ọ̀bọkún, Iléṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi, ẹni ọdún 63, ní àtọ̀gbẹ. Dapagliflozin àti glimepiride ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ń tọ̀, ó ń ta wọ́n, ojú ara sì ń yún wọ́n. Ciprofloxacin kò ṣe nǹkan kan. Láàbù wá kọ "yeast cells" (yíìsì, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan) sínú èsì. Kí ni kí n ṣe?

Apòògùn, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ má tíì rà á. Bakitéríà ni ciprofloxacin ń pa. Bó bá sì gbá wọn kúrò lọ́nà, ńṣe ni yíìsì ń gbilẹ̀. Dapagliflozin náà lọ́wọ́ sí i: inú ìtọ̀ ló ń da ṣúgà sí, kódà bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá wà níwọ̀n, oúnjẹ yíìsì sì nìyẹn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ni kó pinnu. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù ni pé fluconazole kì í jẹ́ kí glimepiride tètè kúrò lára. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì: òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dl, kí wọ́n mu ṣúgà gírámù 15 nínú omi, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ará Láàbù: Èsì yẹn lè tan yín jẹ o. Yíìsì ojú ara máa ń bọ́ sínú ike ìtọ̀. Kí Màmá fi omi fọ ibẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí wọ́n fi ìka ya ètè ojú ara sọ́tọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí wọ́n wá gba ti àárín sínú ike láàbù tuntun. Kó dé láàbù láàárín wákàtí 1. Ẹ ní kí wọ́n ṣe culture (kí wọ́n gbin ìtọ̀ náà ní láàbù láti mọ ohun tó ń hù níbẹ̀), kí wọ́n sì dárúkọ yíìsì náà: Candida albicans sábà máa ń gbọ́ fluconazole, glabrata lè ṣorí kunkun, krusei kì í gbọ́ rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bí kò bá ta, tí ara ò sì gbóná, a kì í sábà lo oògùn sí yíìsì inú ìtọ̀, ní ti ẹni tó ní rọ́bà ìtọ̀, a máa ń kọ́kọ́ yọ ọ́. Ti Màmá ń ta, ó yàtọ̀. Tó bá jẹ́ inú àpò ìtọ̀ ni yíìsì wà, fluconazole 200 mg lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 ni dókítà sábà máa ń kọ, tí kíndìnrín bá dára. Hóró 150 mg kan ṣoṣo, ti ojú ara nìyẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ ń lò, kó tó tún padà dé. Ibà, ẹ̀gbẹ́ dídùn tàbí èébì: ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí yíìsì lè dì nínú kíndìnrín, kó dí ọ̀nà ìtọ̀.

Ọmọ Ọ̀bọkún: Ẹ ṣeun gan-an ni. Dettol ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o. Omi lásán, kí wọ́n sì nù ún gbẹ.