Ráútà mi ti wọ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ VPN, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo fi OpenWrt, ètò ìṣiṣẹ́ fún ráútà, sórí ráútà kan, mo sì ṣètò WireGuard, ètò tó ń ṣe ọ̀nà abẹ́lẹ̀ VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti ráútà dé sáfà kan), sí i kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé lè máa gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, dípò kí n máa fi áàpù VPN sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tilẹ̀ gba irú áàpù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ráútà ṣe iṣẹ́ náà fún gbogbo wọn.

Bí mo bá fi SSH (ọ̀nà láti tẹ àṣẹ sí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn) wọ inú ráútà tí mo sì tẹ àṣẹ wg show, mo máa ń rí i pé handshake, ìyẹn ìkíni tí ráútà àti sáfà fi ń dá ara wọn mọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Bí mo bá ping 1.1.1.1 (ìyẹn ni pé mo dán an wò bóyá yóò dáhùn) láti inú ráútà fúnra rẹ̀, èsì ń padà wá, traceroute sì fi hàn pé inú wg0, ojú ọ̀nà WireGuard lórí ráútà, ló gbà lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.1.50, kò lè ṣí ojú ìwé kankan, kò sì lè ping ohunkóhun tó kọjá ráútà. Àdírẹ́sì tí sáfà yàn fún ráútà nínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ni 10.8.0.2. Mo kọ 0.0.0.0/0 (gbogbo àdírẹ́sì IPv4) sí AllowedIPs, ìlà tó ń sọ àwọn àdírẹ́sì tí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ yóò gbà, mo sì ti fọwọ́ sí Route Allowed IPs.

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni páákẹ́ẹ̀tì (ègé ìsọfúnni) kọ̀ǹpútà mi ń há sí? Báwo ni mo sì ṣe lè rí i dájú pé bí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ bá já, kò sí ẹ̀rọ kankan tí yóò yà sí ojú ọ̀nà gbangba láìjẹ́ pé mo mọ̀?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ ṣàlàyé fi hàn kedere pé WireGuard kò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Firewall ráútà, ìyẹn ètò tó ń pinnu ohun tó lè kọjá, ni kí ẹ kọjú sí. Nínú OpenWrt, zone (ẹgbẹ́ àwọn ojú ọ̀nà) ni firewall fi ń ṣiṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, zone méjì ló wà níbẹ̀, lan (inú ilé) àti wan (ìta, sí íntánẹ́ẹ̀tì), ìyọ̀ǹda kan ṣoṣo tó sì wà láàárín wọn ni pé kí ohun tó ti lan wá lè kọjá sí wan. wg0 tí ẹ dá sílẹ̀ kò sí nínú zone kankan, nítorí náà bí páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà yín ṣe ń dé ẹnu wg0 ni firewall ń dá a padà, bí aṣọ́bodè ṣe ń dá àlejò tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé padà. Páákẹ́ẹ̀tì ti ráútà fúnra rẹ̀ kì í gba ẹnu bodè yẹn kọjá, òun ló jẹ́ kí ping yín láti inú ráútà ṣiṣẹ́.

Ẹ lọ sí Network, lẹ́yìn náà Firewall, kí ẹ dá zone tuntun kan sílẹ̀ tí ẹ ó pe orúkọ rẹ̀ ní vpn. Ẹ fi wg0 sínú rẹ̀, kí Input jẹ́ reject, kí Output jẹ́ accept, kí Forward náà jẹ́ reject, kí ẹ sì fọwọ́ sí Masquerading àti MSS clamping (tó ń dín ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì kù kí ó lè gba inú ọ̀nà abẹ́lẹ̀). Lẹ́yìn èyí, ẹ fún lan ní ìyọ̀ǹda láti kọjá sí vpn.

Ẹ má ṣe fo Masquerading. Láìsí i, páákẹ́ẹ̀tì yóò dé ọ̀dọ̀ sáfà pẹ̀lú àdírẹ́sì 192.168.1.50, bẹ́ẹ̀ 10.8.0.2 nìkan ni sáfà mọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ WireGuard tó fi ń dá yín mọ̀. Ìlànà WireGuard ni pé kí ó ju páákẹ́ẹ̀tì tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá kọ́kọ́rọ́ mu nù láìsọ ohunkóhun. Masquerading ló ń fi àdírẹ́sì ráútà rọ́pò ti kọ̀ǹpútà kí páákẹ́ẹ̀tì tó wọlé.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ẹ yọ ìyọ̀ǹda tó wà láti lan sí wan kúrò. Bí wg0 bá kúrò nílẹ̀, ojú ọ̀nà yóò padà sí wan lóòótọ́, ṣùgbọ́n firewall kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan kọjá síbẹ̀.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ, mo sì fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ fún yín pé kí ẹ kàn ju wg0 sínú zone wan, nítorí pé Masquerading ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, n kò jiyàn èyí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bèèrè ní ìkejì kò ní ṣeé ṣe mọ́, torí firewall kò ní lè fi ìyàtọ̀ sí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ àti ọ̀nà gbangba nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà nínú zone kan náà. Ẹ má ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ ni sáfà, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ lè kọ 192.168.1.0/24 mọ́ AllowedIPs ti ráútà yín lórí sáfà, kí ẹ sì jẹ́ kí sáfà ṣe NAT (ìpààrọ̀ àdírẹ́sì) fún àwọn àdírẹ́sì náà nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Èmi fẹ́ràn èyí ju Masquerading lọ, torí sáfà yóò máa rí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń san owó fún ilé iṣẹ́ kan tó ni sáfà, wọn kò ní ṣe èyí fún yín, ẹ dúró ti Masquerading.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ tún wo MTU (ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ọ̀nà kan lè gbé) dáadáa kí ẹ má bàa rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. WireGuard máa ń fi báìtì 60 kún páákẹ́ẹ̀tì bó bá jẹ́ IPv4 ló gbé e, àti 80 bó bá jẹ́ IPv6. Ìdí nìyẹn tí 1420 fi jẹ́ iye tí a máa ń lò lórí okùn tí MTU rẹ̀ jẹ́ 1500. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá gba PPPoE (irú ìsopọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń lò) wọlé, tí MTU rẹ̀ sì jẹ́ 1492, ẹ sọ ti wg0 di 1412. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé MTU ló ń dààmú yín ni pé ping yóò ṣiṣẹ́, àwọn ojú ìwé kan yóò ṣí, àwọn mìíràn yóò sì máa yí títí láìṣí. Lórí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ tẹ ping -M do -s 1392 pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́. Báìtì 28 tí IP àti ICMP ń fi kún un ni yóò sọ ọ́ di 1420 gan-an. Bí kò bá kọjá, ẹ dín iye náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá.

Èsì ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo dá zone vpn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì sáfà ni ayé sì ń rí. Ìṣòro méjì ló kù. Nígbà tí mo dán DNS (ètò tó ń sọ orúkọ ojú ìwé di àdírẹ́sì) wò, mo rí i pé ilé iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń dáhùn ìbéèrè orúkọ ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, bí iná bá lọ tí ráútà sì tún tàn, ó máa ń pẹ́ gan-an kí handshake tó wáyé.

Ìdáhùn kẹrin

Ìyọ̀ǹda tí ẹ yọ kúrò láàárín lan àti wan, ohun tó ń kọjá láàárín ráútà nìkan ló dí lọ́wọ́. dnsmasq, ètò tó ń bójú tó ìbéèrè DNS, wà lórí ráútà fúnra rẹ̀, nítorí náà òfin yẹn kò kàn án. Ẹ ṣí wan, kí ẹ yọ ọwọ́ kúrò lórí Use DNS servers advertised by peer, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wan6 (wan ti IPv6) náà, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì DNS tí sáfà VPN fún yín sórí wg0. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ 0.0.0.0/0 nìkan lẹ kọ, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ yín kò gbé IPv6. Ẹ má ṣe pín àdírẹ́sì IPv6 fún àwọn ẹ̀rọ lan, kí wọ́n má bàa máa fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀nà tí firewall ti dí.

Ní ti ìṣòro iná, aago ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ ráútà ni kò ní bátìrì tí yóò máa tọ́jú aago, bẹ́ẹ̀ handshake WireGuard máa ń gbé àkókò dání, sáfà kì í sì gba èyí tí àkókò rẹ̀ kò bá tíì kọjá ti èyí tó gbà kẹ́yìn. Ráútà nílò NTP (ètò tó ń gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) kí aago rẹ̀ tó tọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà NTP ti gba inú wg0 tí kò tíì ṣí. Ẹ lo sáfà NTP tí ẹ mọ àdírẹ́sì IP rẹ̀, kì í ṣe orúkọ, torí DNS náà wà nínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ báyìí, kí ẹ sì kọ route (òfin ojú ọ̀nà) kan tí yóò gba wan lọ sí àdírẹ́sì yẹn nìkan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí ping máa lọ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ ifdown wg0 lórí ráútà. Ping gbọ́dọ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ padà títí ẹ ó fi tẹ ifup wg0. Bó bá padà kí ẹ tó tẹ ẹ́, ìyọ̀ǹda kan ṣì wà láti lan sí wan, ẹ fi ìtò firewall yín ránṣẹ́ síbí kí a jọ wò ó.