Ibi tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ń jókòó sí nínú "must be pounded", àti orúkọ tí a ó fún ìhun náà

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìjerò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí ẹ mú wá ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Èkìtì, ó sì dára tí ẹ gbé e síta. Ẹ ní olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ yín ń sọ fún àwọn ọmọ pé "can easily be seen" nìkan ló tọ̀nà, pé "can be easily seen" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì gidi, torí pé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb, irú "easily") kò gbọdọ̀ já sáàárín "be" àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Àbúrò wa kan ní Adó wá dáhùn pé ìkan náà ni méjèèjì, kí ọmọ kọ èyí tó bá wù ú. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú ìdáhùn méjèèjì. Ibi tí àpọ́nlé bá jókòó sí ni a fi ń mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iyán wò ó. Ẹ mú "The yam must be well pounded", kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "The yam may well be pounded". Nínú ti àkọ́kọ́, "well" fara ti "pounded", gígún náà ló ń bá wí: ẹ gún un kó kúnná, kí àlejò má bá kókó nínú rẹ̀. Nínú ìkejì, "well" ti lọ fara mọ́ "may", ọ̀rọ̀ kókó inú iyán ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe dáadáa kí wọ́n gún iṣu náà. Bóyá iyán ọ̀hún yóò kúnná tàbí kò ní í kúnná, gbólóhùn yẹn ò sọ. Báwo ni a ṣe máa sọ pé ìkan náà ni wọ́n?

Èyí tó tún yé àwọn ọmọ wa jù lọ ni ti kòkó. Ẹni tó bá ti ṣe kòkó rí ní agbègbè Ẹmùré mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: a ó la èso rẹ̀, a ó kó hóró jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan fún bí ọjọ́ 5 sí 6, lẹ́yìn náà ni a ó wá sá a sóòrùn. Kòkó tí wọ́n bá fi iná igi yan, òórùn èéfín kì í kúrò lára rẹ̀, àwọn tó ń fi í ṣe ṣokoléètì kì í sì í fẹ́ ẹ. Ká wá ní ẹnì kan ń kọ ìlànà fún àwọn àgbẹ̀. Tó bá kọ "Cocoa beans should be naturally dried", ó pàṣẹ pé oòrùn ni kí a fi gbẹ ẹ́, kí a má fi iná kàn án. Tó bá kọ "Cocoa beans should naturally be dried", ohun tó sọ ò ju pé ṣebí a mọ̀ pé kòkó yẹ ní gbígbẹ. Àgbẹ̀ tó fi iná igi yan tirẹ̀ kò rú òfin kankan nínú gbólóhùn yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí àyè padà, àpò kòkó odidi ọdún kan sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí: àpọ́nlé tó bá ń sọ bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà yóò dúró ti ọ̀rọ̀-ìṣe, ì báà ṣáájú rẹ̀, ì báà tẹ̀ lé e, "must be carefully washed" tàbí "must be washed carefully". Èyí tó bá ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dájú sí, tàbí iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn "must" tàbí "will" gan-an ló ń bọ́ sí: "will probably be sold", "should always be covered", "must never be left open". "Easily" rí àyè ní ibi méjèèjì, òun ló fi ń da àwọn èèyàn láàmú. Òfin tí olùkọ́ yẹn ń tọ́ka sí, ó jọ pé wọ́n yá a lára èyí tó ní kí a má la "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe láàárín. Kò kan "be" rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní èyí bí ẹni pé kò ní irú rẹ̀ nílé. Ó ní in. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín "Ó hàn gbangba pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé òfin náà" àti "Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé òfin náà yékéyéké" ti ní "should clearly be explained" àti "should be clearly explained" lọ́wọ́ ná, kó tó wọ kíláàsì. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ ìdánilójú máa ń lọ sí iwájú gbólóhùn pátápátá. Àpọ́nlé ìṣe ló ń wà nítòsí ọ̀rọ̀-ìṣe, kálukú sì ní àyè tirẹ̀: "tètè", "rọra", "mọ̀ọ́mọ̀" ń ṣáájú, "dáadáa" àti "yékéyéké" ń tẹ̀ lé e. A gbọ́dọ̀ rọra gún un. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé a gbọ́dọ̀ gún un rọra.

Ẹ wo ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti orílẹ̀-èdè wa. Abala 35 ní ẹ̀ka kẹta sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú "shall be informed in writing within twenty-four hours". "In writing" ń ṣiṣẹ́ àpọ́nlé níbẹ̀. Tí a bá máa sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe "fi" ni yóò gba iṣẹ́ náà: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24. Abala 36 tún ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn "be informed promptly". Gẹ̀ẹ́sì fi "promptly" sẹ́yìn. Àwa yóò ní kí wọ́n tètè sọ fún un, tàbí kí wọ́n sọ fún un kíákíá. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò Gẹ̀ẹ́sì tó wá kọ "sọ fún un tètè", etí á kọ̀ ọ́. Bákan náà ni "ó gbọ́dọ̀ jẹ́ sísọ" tí mo ń gbọ́ lórí rédíò báyìí. "A" àti "wọ́n" wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa, ìyẹn ni pé a lè fi wọ́n sọ̀rọ̀ láì dárúkọ olùṣe. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú "wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jó fáìlì náà", a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ "mọ̀ọ́mọ̀" ní ẹni tó ni ín. Nínú "may have been deliberately burnt", kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó dúró fún ẹni náà.

Orúkọ tí a ó fún ìhun yìí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "passive", ló wá kù. Ẹnì kan dábàá "ìhun afaragbá". Mi ò gbà á, torí pé ọta, ìyà àti wàhálà là ń fara gbá. Ẹni tí wọ́n fi joyè ò fara gbá nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní "ìhun afolùṣepamọ́". Ó sàn díẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè fi "by the women" kún un, olùṣe á sì tún jáde síta. "Ìhun àbọ̀dolùwà" ni tèmi. Nínú "a gún iṣu", iṣu ni àbọ̀. Nínú "the yam was pounded", iṣu ti di olùwà. Orúkọ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti ń bá pàdé nínú iṣẹ́ Yorùbá wọn. Ní ti "must", "may", "can" àti ẹgbẹ́ wọn, "aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe" lásán fẹ̀ jù, torí "be" àti "have" náà wà nínú agbo yẹn. Mo dábàá "aṣèrànwọ́ aṣíwájú", nítorí àwọn ló máa ń ṣáájú nínú ọ̀wọ́ náà. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó gbé e wá pẹ̀lú gbólóhùn tí a ó fi dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ tó kọ "can be easily seen" tí wọ́n yọ máàkì wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wọn gbà á padà.