Ṣé iná ni àbí màlúù ló ń dín igi kù ní Kainji?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Igi inú igbó ọba Kainji ni mò ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì lé lórí. Lẹ́bàá odò Oli oríṣiríṣi igi ló wà, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti gun ibi olókùúta, ó ti dínkù nìyẹn. Mo ti wọn ilẹ̀, mo ka igi, mo yẹ yẹ̀pẹ̀ wò, síbẹ̀ kò tíì yé mi, torí igi kan tí mo rí, èyí tí wọ́n ń pè ní apá, iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó ìdí ẹ̀ dúdú, àwọn darandaran sì ti gé ẹ̀ka ẹ̀ tán fún màlúù, ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ ọṣẹ́ tí iná ṣe yàtọ̀ sí ti màlúù? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.